Ta Ni Yóò Gbẹnu Sọ fún Wa Bí Iyè Wa Bá Ra?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìkòtún)

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í sì í ṣe ti owó epo. Ọ̀rọ̀ tí a kì í fẹ́ dá sọ nínú ilé ni. Nítorí pé a kì í dá a sọ ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ bá wa sọ ọ́.

Bí a bá wò ó dáadáa, ohun méjì ni òṣìṣẹ́ máa ń múra sílẹ̀ dè. Èkíní ni ìgbà tí ara rẹ̀ le: a ń dá àjọ, a ń wọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, a ń fi búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù ní Ìjẹ̀gun tàbí ní Abáránjẹ́. Èkejì ni ikú: a ń dá owó ìsìnkú, Mùsùlùmí ń ṣe wàsíyà, Onígbàgbọ́ ń kọ ìwé ìhágún, ẹlòmíràn ti fi ibi tí wọn yóò sin òun sí han àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo kan wà láàárín méjèèjì tí ẹnikẹ́ni kì í múra dè. Ìgbà náà ni ènìyàn kò tíì kú, tí ó ń jẹ, tí ó ń mu, àmọ́ tí iyè rẹ̀ ti ra, tí kò lè dá ìpinnu ṣe fún ara rẹ̀ mọ́.

Àlàfo yìí kì í ṣe ti ọjọ́ méjì. Ronald Reagan, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1981 sí 1989, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn ará ìlú rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1994 pé àrùn Alzheimer ti mú òun. Oṣù kẹfà ọdún 2004 ni ó kú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́wàá. Ẹ wá rò ó wò: ta ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé fún yín fún ọdún mẹ́wàá? Ta ni yóò sọ fún dókítà ohun tí ẹ fẹ́ àti ohun tí ẹ kò fẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àrùn náà jẹ́. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n, wọ́n ní, “Bàbá ti ń ṣarán.” Àwọn dókítà ń pè é ní dementia. Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ ń fà náà kò sì ṣọ̀wọ́n. Ọpọlọ ni ó ń ṣàárẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àjẹ́. Ìyá arúgbó tí wọ́n bá lójú títì lóru, tí kò mọ orúkọ àdúgbò rẹ̀, tí àwọn èwe sì ń sọ lókò pé ẹyẹ ni, ó lè jẹ́ ìyá tí iyè rẹ̀ ra tí ó ń wá ọ̀nà ilé.

Ẹni tó gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí kò tíì ṣarán. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà tó ti ń ná ọ̀nà Ìkòtún sí Ọ̀ṣòdì fún ogún ọdún, tó dé oríta Ìkòtún láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò mọ ibi tí yóò yà sí mọ́; òṣìṣẹ́ tó ń béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin kí ọ̀rọ̀ tó tán; ìyá tó mọ ìṣirò ọjà rẹ̀ dunjú tẹ́lẹ̀, tí kò mọ ṣéńjì í ká mọ́: àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí á mú lọ sí ilé ìwòsàn. Kí á má sì fi ẹnu ara wa dá a lẹ́jọ́ nílé, nítorí pé àwọn àìsàn mìíràn wà tó ń jọ arán, tí wọ́n sì ṣeé wò. Bí èròjà B12 bá dín jù nínú ara, bí tàírọ́ọ̀dì ọrùn kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, bí ìbànújẹ́ bá wọ ènìyàn lára jù, bí oògùn tó ń lò bá ń bá ara wọn jà, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sí i lórí lẹ́yìn tó ṣubú lórí ọ̀kadà, gbogbo rẹ̀ lè dà bí arán. Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò ti Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndó, kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni a lè ti bẹ̀rẹ̀. Ní UCH, Ìbàdàn, wọ́n ti ní ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn arúgbó nìkan láti 2012.

Àwọn kan ń sọ pé àrùn òyìnbó ni. Ìwádìí ti dá wọn lóhùn. Láti 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun tó ti dolóògbé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára wọn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí yẹ àwọn àgbàlagbà wò láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, Ìbàdàn. Àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, wọ́n sì lé ní 2,400. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, ó hàn pé nínú 1,000 àgbàlagbà ní Ìdíkàn, bí 13 tàbí 14 ni àrùn yìí ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ó tó 32. Tiwa kéré sí tiwọn, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ pé ní 2021, àwọn tó ní in lágbàáyé tó mílíọ̀nù 57, èyí tó ju ìdajì wọn lọ ni kò sì sí ní àwọn ìlú olówó.

Ẹ jẹ́ ká wá fojú inú wo ilé kan tí a kò ti múra sílẹ̀. Ká ní bàbá kan fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀, ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin, ó sì ní owó díẹ̀ ní bánkì. Iyè rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí ra. Kò rántí nọ́ńbà káàdì ATM rẹ̀ mọ́. Ó fọwọ́ síwèé, ọwọ́ náà kò jọ ti tẹ́lẹ̀, bánkì kò san án. Àkọ́bí rẹ̀ ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, èkejì ní ilé àdúrà ni, àbíkẹ́yìn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí wọ́n dúró de òun. Àbúrò bàbá ní òun ni olórí ẹbí. Nígbà tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ yìí, ẹnìkan mú bàbá sẹ́yìn ilé, ó tẹ̀ ẹ́ ní ìka sórí ìwé, ìdajì ilẹ̀ ti lọ. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn bàbá, tàbí kí á kúkú sọ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó mọ ohun tí bàbá fúnra rẹ̀ ì bá wí.

Àṣìṣe mẹ́ta kan wà tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwa òṣìṣẹ́ nígbà gbogbo, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Àṣìṣe kìíní: “Mo ti kọ orúkọ ìyàwó mi sí next of kin.” Ó dára, ṣùgbọ́n next of kin jẹ́ ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Orúkọ yẹn kò fún un láṣẹ láti gba owó yín ní bánkì nígbà tí ẹ ṣì wà láàyè. Kò tilẹ̀ sọ ọ́ di ajogún.

Àṣìṣe kejì: “Mo ti ṣe ìwé ìhágún.” Ìwé ìhágún ń dúró de ikú kí ó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣarán kò tíì kú. Bí ẹ kò bá sì tíì kọ ọ́, ẹ mọ̀ pé ìgbà tí làákàyè yín pé nìkan ni ẹ lè kọ ọ́, níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní pín nínú ogún náà. Èyí tí a kọ lẹ́yìn tí iyè ti ra, kóòtù lè fagi lé e.

Àṣìṣe kẹta: “Mo ti fún ọmọ mi ní power of attorney.” Èyí ló ń tan àwọn tó gbọ́n pàápàá. Nínú òfin tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, irú ìwé àṣẹ yìí, bí ó bá jẹ́ èyí tí a kàn fún ènìyàn lásán, máa ń kú nígbà tí làákàyè ẹni tó fún un bá ti lọ. Ìgbà tí a nílò rẹ̀ gan-an ni kò ní lágbára mọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn rí i pé kò dára, wọ́n sì fi òfin Mental Capacity Act ti 2005 tún un ṣe. Nínú òfin náà, ènìyàn lè yan ẹni tí yóò máa bójú tó owó òun àti ẹni tí yóò máa sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú òun, kí àṣẹ náà sì dúró bí iyè bá tilẹ̀ ra. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó mọ̀ pé ti ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibí. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún power of attorney, ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà: “Bí iyè mi bá ra, ṣé ìwé yìí yóò ṣì ṣiṣẹ́?”

Ṣé kò wá sí ohun tí a lè ṣe nílẹ̀ wa ni? Ó wà. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní 1991, obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà ń ṣàìsàn. Wọ́n ní kí ó gba ẹ̀jẹ̀, ó kọ̀, ó fọwọ́ sí ìwé pé òun kò fẹ́, ọkọ rẹ̀ náà sì fara mọ́ ọn. Dókítà Okonkwo tó gbà á sí ilé ìwòsàn rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ láìfún un ní ẹ̀jẹ̀. Obìnrin náà kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí jẹ dókítà náà níyà, ṣùgbọ́n ní 2001, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a láre. Wọ́n ní àgbàlagbà tí làákàyè rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú tí kò fẹ́. Kò dìgbà tí a bá jẹ́ ọmọ ìjọ náà kí á tó rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ aláìsàn ní ìwúwo lójú òfin, ìwé tó fọwọ́ sí sì ní ìwúwo. Obìnrin yẹn ṣì mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra kò lè sọ tirẹ̀ mọ́. Ohun tó sọ nígbà tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere nìkan ló kù tí yóò gbà á sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe nìyí.

Èkíní, ẹ yan agbẹnusọ kan, kí ẹ sì yan igbákejì rẹ̀. Kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ àkọ́bí, kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ ẹni tó lówó jù. Ẹni tí yóò ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ni kí ẹ mú, kì í ṣe ẹni tí yóò ṣe ohun tó wu òun.

Èkejì, ẹ pe ìpàdé ẹbí. Ẹ dárúkọ agbẹnusọ náà lójú ìyàwó tàbí ọkọ, lójú gbogbo ọmọ, lójú àbúrò bàbá tó máa ń pariwo. Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní kọ̀rọ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo, irọ́ ni àwọn yòókù yóò pè é lọ́jọ́ tó bá yá.

Ẹ̀kẹta, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́. Ṣé Ìkòtún níbí ni ẹ fẹ́ máa gbé, àbí ìlú yín? Ta ni kí ó máa wẹ̀ yín? Àwọn oúnjẹ wo ni ẹ kì í jẹ? Bí àìsàn bá dé ògógóró rẹ̀, tí ẹ kò lè gbé oúnjẹ mì dáadáa mọ́, ṣé kí wọ́n ti rọ́bà oúnjẹ bọ imú yín, àbí kí wọ́n máa rọra fi ṣíbí fún yín ní ìwọ̀nba tí ẹ lè jẹ? Àwọn dókítà tó mọ àrùn yìí dunjú kì í sábà gbani níyànjú rọ́bà náà ní ìgbà ìkẹyìn arán. Ẹ sọ ọ́ ketekete pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ de yín mọ́lẹ̀, kò sì gbọdọ̀ nà yín ní pàṣán lórúkọ ìwòsàn. Ẹ sọ bí ẹ ṣe ń gbàdúrà, àti orin tó máa ń dùn mọ́ yín. Orin ìgbà èwe sábà máa ń pẹ́ nínú orí ju orúkọ ọmọ lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ìwé kan tó. Èdè Yorùbá náà ni kí ẹ fi kọ ọ́ bó bá wù yín. Ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ fọwọ́ sí i tàbí kí ẹ tẹ ìka, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ọ̀kan fún agbẹnusọ, ọ̀kan nínú fáìlì yín ní ilé ìwòsàn, ọ̀kan lọ́wọ́ yín. Ẹ máa wò ó lọ́dọọdún, nítorí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ owó. Ẹ kọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, bánkì tí ẹ ń lò, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì yín, àwọn tó jẹ yín ní gbèsè àti àwọn tí ẹ jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí àkáǹtì alájùmọ̀ní pẹ̀lú ẹnìkan, ẹ mọ̀ pé ó lè kó gbogbo owó náà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ bánkì ohun tí wọn yóò ṣe bí àìsàn ọpọlọ bá mú ọ̀kan nínú yín. Bí gbogbo èyí bá kùnà, kóòtù ló kù, kóòtù sì ń jẹ owó, ó ń jẹ ọdún.

Ẹnìkan lè béèrè pé, “Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ lára ìyá mi ńkọ́?” Kò tíì bọ́ pátápátá. Arán kì í gba gbogbo làákàyè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò lè ṣírò owó mọ́ lè ṣì mọ ọmọ tó fọkàn tán àti ibi tí ó fẹ́ sùn. Ẹ yan àkókò tí ara rẹ̀ balẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ fún un láyè kí ó dáhùn. Ẹ má ṣe máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bí kò bá lè sọ ohunkóhun mọ́, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má bi ara yín pé, “Kí ni àwa fẹ́?” Ẹ bi ara yín pé, “Kí ni ìyá wa ì bá wí?” Ìbéèrè kejì yẹn máa ń dín ìjà kù.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí ó kan iṣẹ́ wa. Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra kò yẹ kó wà nídìí stíárìn. Èrò méjìdínlógún ló wà lẹ́yìn yín nínú dánfó. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé wọn yóò lé òun lọ láìsí kọ́bọ̀ yóò fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ títí di ọjọ́ jàǹbá. Nítorí náà ni mo ṣe ń dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa béèrè lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ pé kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ mìíràn, kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ má sì dín. Kí òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú òbí tí iyè rẹ̀ ra náà lè gba ọjọ́ díẹ̀ láìsí pé wọ́n yọ ọ́ lówó. Kí ẹ̀ka wa ní ìwé olójú kan tí a ti tẹ̀ sílẹ̀, tí akọ̀wé yóò máa bá ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kọ. Kí á sì yan ẹni méjì méjì tí yóò máa bẹ àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì wò nílé, nítorí pé àìrí ẹni bá sọ̀rọ̀ wà lára ohun tó ń mú kí ọpọlọ tètè ṣàárẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú wà lára wọn, etí tí ariwo ẹ̀rọ ti dí wà lára wọn, orí tí a fi gbá títì láìdé akoto wà lára wọn. Àwọn wọ̀nyẹn náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ ọ́ nínú pé, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, a kì í fẹnu fa ibi wálé.” Àmín sí àdúrà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé táyà àpò sẹ́yìn ọkọ̀ kò fi fẹnu fa pọ́ńṣà. Àwọn baba wa ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ yóò fún wa lọ́mú, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ ni pé kí á sọ fún un, nígbà tí ẹnu wa ṣì ń sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀, bí a ṣe fẹ́ kí ó gbé wa.

Kí a tó tún pàdé lóṣù tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù ti dárúkọ agbẹnusọ rẹ̀ nílé. Èyí nìkan ni iṣẹ́ tí mo fún yín. Ìṣọ̀kan wa kò ní túká o.